Bí a ṣe ń dúnàá-dúrà lórí ọjà kọ̀ǹpútà àtijọ́, àti bí a ṣe ń mọ ilé-iṣẹ́ tó máa dúró

Orúkọ Amiga, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Commodore tó ni ín kógbá sílé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1994. Escom ti ilẹ̀ Jámánì rà á ní 1995, òun náà sì wọ gbèsè lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gateway 2000 ti Amẹ́ríkà gbà á ní 1997. Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Amino rà á lọ́wọ́ Gateway, ó sì sọ ara rẹ̀ di Amiga, Inc. Ìlérí pé ohun tuntun ń bọ̀ kò wọ́n lẹ́nu àwọn tó rà á yìí. Àwọn tó kó owó lé ìlérí náà, ìyẹn àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà àti àwọn tó ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, ni òfò jábọ́ lé lórí.

Ẹni tó fẹ́ ṣe ọjà fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni a kọ èyí fún, yálà Amiga, Commodore 64 tàbí ZX Spectrum, tó sì gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ, tó ni sọ́fítíwíà, tàbí tó máa bá a ṣe ọjà náà jáde. Ìdúróṣinṣin ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà máa pàdánù bí ó bá yẹ àdéhùn la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí ohun tó máa pàdánù, ẹ má retí pé yóò dúró.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ni nǹkan náà

Lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀tọ́ márùn-ún ló lè wà lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún: orúkọ àti àmì ara rẹ̀, sọ́fítíwíà inú ROM (chip tó ń gbé sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà), àwọn géèmù, ìrísí àpótí rẹ̀, àti pátẹ́ńtì tàbí àwòrán àwọn chip inú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ló ni Amiga, ìbéèrè tó kàn ni pé èwo nínú márààrún. Nígbà tí Gateway ta orúkọ náà ní 1999, kò ta àwọn pátẹ́ńtì pọ̀ mọ́ ọn. Ó dá wọn dúró sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì fún olùrà láṣẹ láti lò wọ́n.

Ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tí Retro Games Ltd gbé jáde. THEC64 Mini ti ọdún 2018 ní géèmù 64 nínú, THEA500 Mini ti ọdún 2022 ní 25. Kò sí “Commodore” lára ti àkọ́kọ́, kò sí “Amiga” lára èkejì. Wọ́n ṣe ọjà tí gbogbo ènìyàn dá mọ̀ láìlo orúkọ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, nítorí orúkọ ló máa ń wọ́n jù, òun náà ló sì máa ń fa ẹjọ́ jù. Kí ẹ tó ná orúkọ, ẹ bi ara yín bóyá ọjà yín nílò rẹ̀ rárá. Bọ́ọ̀dù ìmúyára tí wọ́n ń kì bọ inú Amiga 1200 kò nílò orúkọ Amiga lórí páálí rẹ̀. Ó tó kí ẹ kọ ọ́ pé ó bá ẹ̀rọ náà mu. Ẹ̀rọ odindi tí ẹ fẹ́ tà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ inú ọjà yìí ni orúkọ máa wúlò fún.

Ti ZX Spectrum tún yàtọ̀. Amstrad ra ọjà kọ̀ǹpútà Sinclair àti orúkọ rẹ̀ ní 1986 ní £5 mílíọ̀nù. Sky, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ra Amstrad ní 2007, báyìí ni ẹ̀tọ́ Spectrum ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kì í ta kọ̀ǹpútà. Ní 1999, Amstrad ti gbà kí àwọn tó ń ṣe emulator (sọ́fítíwíà tó ń mú kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bí ti àtijọ́) máa pín ROM Spectrum kiri, bí wọn kò bá yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwòkọ kúrò, tí wọn kò sì gba owó lórí ROM náà. Àwọn kan máa ń ka èyí sí àṣẹ láti tà. Àṣẹ láti pín lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe àṣẹ láti tà, ẹni tó bá fi ROM sínú àpótí tó ń tà gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé tirẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí náà kò le. Ẹ wá orúkọ ọjà náà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Bìrìtéènì, ti àjọ EUIPO fún ilẹ̀ Yúróòpù, àti ti USPTO ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìsọ̀rí 9, tí kọ̀ǹpútà wà, àti ìsọ̀rí 28, tí ẹ̀rọ géèmù wà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ tún un ṣe, torí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń tún un ṣe. Bí ẹni tó ni ín kò bá lò ó fún ọdún márùn-ún ní Bìrìtéènì tàbí Yúróòpù, ẹlòmíràn lè béèrè pé kí wọ́n fagi lé e. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta láìlò ti tó fún ilé ẹjọ́ láti kà á sí ohun tí wọ́n ti pa tì. Ẹni tó ń jókòó lé orúkọ láìtà nǹkan kan mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi máa ń fẹ́ fún yín láṣẹ ní owó pọ́ọ́kú: ọjà yín ló máa mú orúkọ wọn wà láàyè. Ẹ má ṣe tà á fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi ná owó.

Fún sọ́fítíwíà, ẹ béèrè gbogbo ìwé títà láti ọwọ́ oníǹkan àkọ́kọ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó jókòó níwájú yín. Bí ìwé kan ṣoṣo bá sọnù láàárín, ohun tí ẹ ń rà ni ẹ̀tọ́ láti lọ ṣẹjọ́. Fún géèmù, ẹ yẹ àdéhùn ẹni tó kọ ọ́ wò, ẹ sì yẹ ti ẹni tó kọ orin inú rẹ̀ wò lọ́tọ̀.

Ìṣirò kí ẹ tó gbé fóònù

Ọjà yìí kéré, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń pariwo ju iye wọn lọ. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè sọ pé àwọn máa rà á, kí igba san owó. Iye tí ẹ lè fi ṣírò ni iye àwọn tó ti san àsansílẹ̀ tí wọn kò lè gbà padà láìsí ìdí, àti iye irú ọjà bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn ti tà tán.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bọ́ọ̀dù kan tí ẹ fẹ́ tà ní £72 ní Bìrìtéènì ti ní owó orí VAT ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nínú, £60 ló kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ yọ £22 fún èròjà, £8 fún títò àti ìdánwò, £3 fún páálí àti ìwé ìlò, £4.20 fún oníǹkan (ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún £60), £5.76 fún owó ìkànnì àsansílẹ̀ Kickstarter àti ti káàdì (ó máa ń súnmọ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó), àti £3 fún èyí tí wọ́n máa dá padà. £14.04 ló kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ta 500, £7,020 nìyẹn, kí ẹ tó san owó ìdánwò ààbò CE, owó lọ́yà àti owó iṣẹ́ ọwọ́ ara yín.

Nísinsìnyí, ẹ fi àpótí ike kún un. Ká ní mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n á fi dà á jẹ́ £15,000. Bí ẹ bá pín in lórí 500, £30 ló máa gùn orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè ti di gbèsè nìyẹn. Bí ẹ bá pín in lórí 5,000, £3 péré ni. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ọjà inú ẹgbẹ́ yìí fi ń jáde bíi bọ́ọ̀dù lásán, tí àpótí sì ń jẹ́ ohun tó ń pa ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àpótí, mọ́ọ̀dù alumíníọ́mù máa ń dínwó, ó sì tó fún ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kó tó jẹ. Ti irin líle ló máa ń tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò yìí náà ló máa sọ ohun tí ẹ lè gbà lórí tábìlì. Bí oníǹkan bá ní òun fẹ́ £5,000 lọ́dún láìka iye tí ẹ bá tà, ẹ ti mọ̀ pé £4.20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè pé kí ẹ ta 1,191 kí owó náà tó bá ara rẹ̀ mu. Ẹ má jiyàn pé ó wọ́n. Ẹ fi iye náà hàn án, kí ẹ ní £1,000 lọ́dún àkọ́kọ́ (èyí ń fẹ́ 239) àti àfikún lọ́dọọdún bí ọjà bá ń lọ. Oníǹkan tó bá rí ìṣirò gidi kì í sábà bínú. Ẹni tó bá bínú sí ìṣirò ti sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún yín.

Bí a ṣe ń dán ìdúróṣinṣin wò

Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í túmọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tó dúró. Gateway tóbi ju ohunkóhun tó ti ní Amiga rí lọ. Ní 1998 ó kéde pé sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ QNX ni ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tuntun. Ní 1999 ó yí i padà sí Linux. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ta orúkọ náà. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́jọ kọ sọ́fítíwíà sórí QNX kò rí ẹni tó máa san owó rẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta kọ̀ǹpútà lọ́nà mílíọ̀nù, ọjà yín kò tó owó wákàtí mélòó kan lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò rẹ̀. Ọ̀gá kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà ló máa ń gbé e ró níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá náà bá kúrò, iṣẹ́ náà ti kú.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa béèrè ní ìpàdé àkọ́kọ́ nìyí, ẹ má sì fi ẹ̀rín bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ta ló ní àṣẹ láti tọwọ́ bọ ìwé yìí? Èló ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dún yìí, lábẹ́ àkọlé wo nínú ìṣúná wọn? Ènìyàn mélòó ló ń ṣe é lójoojúmọ́, ta sì ni yóò gbà á bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bá lọ? Ọjà wo ni wọ́n ti parí rí fún àwọn oníbàárà wọ̀nyí, ọjọ́ wo ni wọ́n ní yóò jáde, ọjọ́ wo ló jáde? Ẹni tó bá dáhùn ìkẹ́yìn yìí pẹ̀lú ọjọ́ gidi, kódà bí ọjọ́ náà bá fi ọdún kan pẹ́, sàn ju ẹni tó ń sọ nípa ìfẹ́ tó ní sí ẹ̀rọ náà.

Ọjà méjì lórí Spectrum kan náà fi ìyàtọ̀ hàn. Ní 2016, wọ́n gba owó tó lé ní £500,000 lórí ìkànnì àsansílẹ̀ Indiegogo fún ẹ̀rọ àfọwọ́mú kan tó ń jẹ́ Vega+. Ọdún náà ni wọ́n ní yóò dé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí i gbà ní 2018, inú wọn kò sì dùn sí i. Sky gba àṣẹ rẹ̀ padà, ilé ẹjọ́ sì pa ilé-iṣẹ́ náà dé ní 2019. Spectrum Next gba £723,390 lórí Kickstarter ní 2017, wọ́n ní January 2018 ni yóò dé, February 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tó ra odindi ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì pẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó ra bọ́ọ̀dù Next lásán ti gba tiwọn lọ́wọ́ tipẹ́, wọ́n ń lò ó, àṣìṣe inú rẹ̀ ń hàn síta, kíbọọ̀dù àti àpótí ló kù tí wọ́n ń bá jà. Iṣẹ́ tó ń jáde ní ìpele ìpele ni ẹ lè wọ̀n. Èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ ìkẹ́yìn nìkan la máa rí nǹkan, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ tún wo ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Ti Bìrìtéènì wà ní Companies House, ọ̀fẹ́ ni: ẹ wo bóyá ìṣirò ọdọọdún wọn ti pẹ́, bóyá báńkì ti gba ohun ìní wọn dúró fún gbèsè, bóyá wọ́n ti kéde pé àwọn fẹ́ yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò nínú ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Lórí tábìlì

Ẹ lọ pẹ̀lú ìwé ojú-ewé méjì tí ẹ ti kọ fúnra yín: ohun tí ẹ fẹ́, ibi tí ẹ máa tà á, iye ọdún, owó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìsanwó. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí kò ní àkókò yóò fi ohun tí ẹ kọ ṣe ìpìlẹ̀, ẹni tó bá sì kọ ìwé àkọ́kọ́ ló ń darí ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ohun tó há: ọjà kan, orúkọ rẹ̀ pàtó, ilẹ̀ tí ẹ mọ̀ pé ẹ lè dé. Ẹni tó bá béèrè “gbogbo ẹ̀tọ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ” máa dé iwájú àwọn lọ́yà, ibẹ̀ ló sì máa kú sí.

Ohun tó ń fún yín lágbára ni ọ̀nà mìíràn tí ẹ ní bí wọ́n bá kọ̀. AROS ní ROM ọ̀fẹ́ tó lè dúró fún Kickstart (ROM Amiga) nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, EmuTOS wà fún Atari ST, àwọn tó ń ṣe MEGA65 sì ti ń kọ ROM tiwọn fún ìdílé Commodore 64. Wọn kò bá gbogbo géèmù àtijọ́ mu, ẹ má sì parọ́ fún ara yín lórí èyí. Ẹ mú ogún géèmù tí àwọn oníbàárà yín fẹ́ràn jù, ẹ dán wọn wò lórí ROM ọ̀fẹ́ náà, ẹ kọ iye tó ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Bí 17 bá ṣiṣẹ́, ẹ̀tọ́ tí ẹ ń ná kò tó iye tí wọ́n ń pè é. Bí 6 bá ṣiṣẹ́, ẹ jókòó, ẹ san owó.

Bí ẹ bá fún wọn ní nǹkan, ẹ gba nǹkan. Wọ́n fẹ́ owó púpọ̀ sí i lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ gbà á, kí iye ọdún gùn sí i. Wọ́n fẹ́ kí owó tó dájú lọ́dọọdún pọ̀? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà di tiyín nìkan. Ẹ má sì kéde ohunkóhun kí ìwé tó ní ọwọ́ ẹni méjèèjì lára. Nínú ọjà kékeré yìí, ìkéde ń tàn ká ní alẹ́ kan, àwọn oníbàárà á dáwọ́ ríra ohun tó wà lórí àtẹ dúró láti dúró de tuntun, oníǹkan á sì rí i pé ẹ ò lè padà sẹ́yìn mọ́. Iye á gòkè.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, Amiga, Inc., Hyperion ti Bẹ́ljíọ̀mù àti Eyetech ti Bìrìtéènì tọwọ́ bọ̀wé pé Hyperion yóò kọ AmigaOS 4 (sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ Amiga), Eyetech yóò ṣe ẹ̀rọ AmigaOne tó máa gbé e. Ìwé náà sọ pé Amiga, Inc. lè fi $25,000 gba source code (ìpìlẹ̀ sọ́fítíwíà náà bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́), ó sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí Amiga, Inc. bá wọ gbèsè. December 2006 ni AmigaOS 4.0 tó parí. Nígbà yẹn, bọ́ọ̀dù AmigaOne, tí Mai Logic ló ń pèsè rẹ̀, ti tán lọ́jà: sọ́fítíwíà wà, ẹ̀rọ tuntun láti rà kò sí. Ní 2007 ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí jẹ́ ohun tí gbólóhùn díẹ̀ ì bá yanjú: kí ni “parí”, ta ló ti san kí ni, ìgbà wo gan-an la lè sọ pé ilé-iṣẹ́ wọ gbèsè.

Nítorí náà, ẹ túmọ̀ “parí” pẹ̀lú ìdánwò. Fún bọ́ọ̀dù ìmúyára Amiga 1200, ẹ má kọ “kó ṣiṣẹ́ lórí A1200”. Bọ́ọ̀dù A1200 jáde ní oríṣi púpọ̀, 1D.1, 1D.4, 2B àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn 1D sì gbajúmọ̀ fún àṣìṣe àkókò iná tó ń mú bọ́ọ̀dù ìmúyára dákú títí wọ́n á fi yọ kapásítọ̀ E123C àti E125C. Ẹ kọ ọ́ báyìí: mẹ́wàá àkọ́kọ́, lórí ó kéré tán oríṣi mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn 1D.4 tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn, wákàtí 24 láìdákú, pẹ̀lú orúkọ sọ́fítíwíà ìdánwò tí wọ́n máa lò. Láìsí èyí, àwọn tó bá dá ọjà padà á pọ̀, ẹ̀yin àti ẹni tó tò ó á máa na ìka síra yín.

Ẹ pín owó ní ìpele: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ẹ bá tọwọ́ bọ̀wé, 30 nígbà tí mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá yege, 30 nígbà tí ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ bá dé, 20 lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́ tí ìyókù dé. Ẹni tó bá ń fẹ́ ìdajì owó níbẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ fi owó yín parí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Lórí gbèsè, àwọn ènìyàn máa ń kọ pé “bí ilé-iṣẹ́ bá wọ gbèsè, ẹ̀tọ́ náà di tiwa”. Ní Amẹ́ríkà, òfin gbèsè lè sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ di asán, torí ọjọ́ gbèsè gan-an ló dúró dè. Ẹ kọ ẹ̀tọ́ náà bí ohun tó ti jẹ́ tiyín láti òní, tí gbèsè kò lè mú kúrò. Ìpín 365(n) nínú òfin gbèsè wọn dáàbò bo ẹni tó gba àṣẹ lórí sọ́fítíwíà àti pátẹ́ńtì. Orúkọ ọjà kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ ní 2019 pé kíkọ àdéhùn sílẹ̀ nínú gbèsè kò gba àṣẹ orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á. Bìrìtéènì kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí oníǹkan yín bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè pé kí ẹ̀tọ́ ROM wà ní ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí kò jẹ gbèsè, tàbí kí ẹ ra ẹ̀dà tí kò ní í parí láéláé fún ọjà kan ṣoṣo yìí.

Source code gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkẹta tí ẹ jọ yàn. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á gba fáìlì, wọn ò ní í ṣí i títí ọjọ́ ìṣòro. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹni tí kò sí lára àwọn tó kọ ọ́ yóò mú kọ̀ǹpútà tuntun, yóò tẹ̀lé ìlànà tó wà nínú ìwé nìkan, yóò kọ́ ROM náà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì fi wé èyí tó wà lọ́jà. Bí kò bá dọ́gba, ìsanwó tó kàn dúró. Fún bọ́ọ̀dù, ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni fáìlì Gerber (àwòrán bọ́ọ̀dù), orúkọ èròjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, fáìlì tí ẹ̀rọ ìtòjọ ń lò, fáìlì FPGA (chip tí a lè tún iṣẹ́ inú rẹ̀ kọ) ní ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti dì nìkan, sọ́fítíwíà ẹ̀rọ ìdánwò, àti fáìlì STEP (àwòrán) ti àpótí. Sọ́fítíwíà ẹ̀rọ ìdánwò ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, láìsí i ẹ ò lè mọ bọ́ọ̀dù tó dára yàtọ̀ sí èyí tó bàjẹ́.

Mọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fín orúkọ yín àti nọ́ńbà sára irin rẹ̀, ẹ gba fọ́tò, ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń da ike pé ti yín ni, pé wọn kò ní í dì í mú nítorí gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ wọ́n. Láìsí lẹ́tà yẹn, bí alájọṣe yín bá jẹ wọ́n lówó, mọ́ọ̀dù yín ni wọ́n máa fi gba gbèsè.

Lẹ́yìn náà ni chip. Zilog kéde ní April 2024 pé òun fẹ́ dáwọ́ ṣíṣe Z80, irú chip tó jẹ́ ọpọlọ ZX Spectrum, tó ti wà láti 1976 dúró, ọjọ́ 14 June ọdún náà sì ni ọjọ́ ìkẹ́yìn tí ẹni tó fẹ́ lè pàṣẹ rẹ̀: oṣù méjì péré. Nínú àdéhùn yín, ẹ béèrè ìkìlọ̀ oṣù 12 àti ẹ̀tọ́ láti ra ìkẹ́yìn kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Western Design Center ṣì ń ṣe 65C02 tuntun, ṣùgbọ́n kò ṣeé kì bọ ibi tí 6510, chip tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, wà nínú Commodore 64. SID ti Commodore 64, Agnus àti Paula ti Amiga, kò sí ẹni tó ń ṣe wọ́n mọ́ rárá. Ọwọ́ Commodore fúnra rẹ̀ ni MOS Technology tó ń ṣe wọ́n wà láti 1976, nígbà tí Commodore ṣubú, orísun wọn gbẹ. Ọjà tó bá nílò kí oníbàárà yọ chip lára ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ ní ààlà: kò lè ju iye ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ. Ẹ má ṣèlérí iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún oníǹkan.

Àwọn ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀tọ́ tó jẹ́ tiyín nìkan gbọ́dọ̀ ní iye títà tó kéré jù lọ́dún, bí ẹ kò bá dé e, kó di ti gbogbo ènìyàn, àṣẹ yín kò sì bọ́. Bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìwé yìí. Bí àdéhùn bá parí, ẹ ní oṣù mẹ́fà láti ta ohun tó wà nílẹ̀ tán. Ẹ lè yẹ ìwé owó ara yín wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Lẹ́yìn tí ìwé bá ti ní ọwọ́ lára

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa pàdé, kí ìròyìn náà jẹ́ ojú-ewé kan: iye tí wọ́n ṣe, iye tí wọ́n tà, iye tí wọ́n dá padà àti ohun tó fà á, iye chip tó kù nínú àpò. Ohun tó ń fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ti ń tutù hàn kí wọ́n tó sọ ọ́: ìròyìn pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yí padà láìsí ìkíni, wọn kò pàṣẹ èròjà tó gba àkókò láti dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ọjà mìíràn kí wọ́n tó parí ti yín.

Bí ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹ má bínú síta. Ẹ kọ lẹ́tà tó mẹ́nu ba nọ́ńbà ìpínrọ̀ tí wọ́n yẹ̀, ẹ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti tún un ṣe, ẹ sì lo ọgbọ̀n ọjọ́ náà: ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò source code náà lákòókò yẹn, ẹ ra èròjà tó máa tó fún ọdún kan bí owó bá wà, ẹ wá ilé-iṣẹ́ kejì tó lè da ike tàbí to bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì gba iye tó ń pè lórí ìwé. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ ò pàdánù nǹkan kan ju owó díẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá tún un ṣe, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni kí ẹ kó mọ́ọ̀dù, gba fáìlì lọ́wọ́ ẹnìkẹta, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tó ti san owó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tuntun, àti bí ẹni tí kò fẹ́ dúró mọ́ ṣe máa gba owó rẹ̀ padà.